Ojú-ewé Tí Mílíọ̀nù 15 Èèyàn Kò Rí: Ẹjọ́ Búráúsà Láàrin Microsoft àti Yúróòpù

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2013, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù ní kí ilé-iṣẹ́ Microsoft san owó ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúrò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn kò ju ọ̀rọ̀ ojú-ewé kan ṣoṣo lọ. Ojú-ewé ọ̀hún yẹ kó máa yọ lórí kọ̀ǹpútà àwọn ará Yúróòpù, kó bi wọ́n pé búráúsà wo ni wọ́n fẹ́ máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kò yọ. Fún oṣù mẹ́rìnlá, nǹkan bí mílíọ̀nù 15 èèyàn ń tan kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Mo fẹ́ tọ ẹjọ́ yìí láti ìdí dé orí, torí pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn sábà máa ń fi àbá dáhùn: kí ló ń mú kí èèyàn fi búráúsà kan sílẹ̀ kó lọ mú òmíràn? Nínú ẹjọ́ yìí, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀, ilẹ̀kùn náà tì láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ pé kó tì, wọ́n sì tún un ṣí. Iye àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó ṣí àti nígbà tó tì wà lákọsílẹ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdíje.

Bí Internet Explorer ṣe jókòó sínú Windows

Netscape Navigator jáde ní oṣù Kejìlá 1994, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft gbé Internet Explorer (IE) tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ 1995. Kò pẹ́ tó fi so ó mọ́ Windows, tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, débi pé ẹni tó bá ti ra kọ̀ǹpútà ti ní i lọ́wọ́ kó tó délé. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Karùn-ún 1998. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson dá a lẹ́bi, ó tilẹ̀ pàṣẹ ní ọdún 2000 pé kí wọ́n pín Microsoft sí méjì. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé àṣẹ ìpínyà náà ní 2001, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà sì jọ parí ọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ní gbogbo àkókò yìí, Netscape ti bọ́ sọ́wọ́ AOL, agbára rẹ̀ sì ti tán.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Internet Explorer 6 jáde ní oṣù Kẹjọ 2001. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ẹ̀yà keje, kò jáde títí di oṣù Kẹwàá 2006. Ó lé ní ọdún márùn-ún! Búráúsà tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, wọn kò fún un ní ẹ̀yà tuntun kankan fún gbogbo ìgbà yẹn, torí kò sí ẹni tó ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì nígbà náà mọ ìyà tó jẹ wọ́n. Wọ́n á kọ ojú-ewé kan bí ìlànà W3C, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ìkànnì lágbàáyé, ṣe là á sílẹ̀, á dára nínú àwọn búráúsà yòókù, wọ́n á ṣí i nínú IE 6, gbogbo rẹ̀ á wọ́. Wọ́n á tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí búráúsà kan ṣoṣo.

Àwọn tó kọ́kọ́ kúrò

Ìwà àwọn èèyàn kò yí padà nítorí ìlànà W3C. Ohun tó ń bí wọn nínú ni fèrèsé ìpolówó tó ń yọ lójijì bí wọ́n bá ti ṣí ojú-ewé kan, àti kọ̀ǹpútà tó kó kòkòrò láì jẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ ohunkóhun. Ní oṣù Kẹfà 2004, àwọn ọ̀daràn kan gba inú ihò tó wà nínú Internet Explorer wọlé nínú ìkọlù tí wọ́n pè ní Download.ject. Ó tó kéèyàn kàn ṣí ìkànnì tí wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀. US-CERT, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà, kà á mọ́ ara ohun tí èèyàn lè ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀ pé kó lo búráúsà mìíràn. Kí ẹ̀ka ìjọba sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ohun tí gbogbo ayé ń lò, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Firefox 1.0, búráúsà tí Mozilla ṣe, jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ó ń dí fèrèsé ìpolówó lọ́nà, ó jẹ́ kí èèyàn ṣí ojú-ewé púpọ̀ sínú fèrèsé kan, àpótí ìwákiri wà lókè rẹ̀, ó sì máa ń kó àwọn ojú-ewé tí èèyàn fi pamọ́ sínú IE wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló dá owó jọ kí wọ́n fi polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn New York Times ní oṣù Kejìlá. Ìpolówó náà lókìkí, ṣùgbọ́n ohun tó gbé Firefox wọ ilé àwọn èèyàn ni ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti tún kọ̀ǹpútà ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe títí ó ti sú u. Á fi Firefox sórí rẹ̀, á sì sọ fún wọn pé eléyìí ni kí wọ́n máa tẹ̀ láti òní lọ.

Ẹ wá wo Opera, ilé-iṣẹ́ Norway tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n yin Firefox fún ti wà nínú Opera ṣáájú. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lò ó. Títí di oṣù Kẹsàn-án 2005, ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó ní láti fara da ìpolówó tó wà lókè búráúsà náà, nígbà tí IE sì wà ní ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun rere tó wà nínú búráúsà kan kò lè wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà. Opera mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Brussels.

Ẹ̀sùn, àti bí wọ́n ṣe jọ dúnàádúrà

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá 2007, Opera fẹ̀sùn kan Microsoft níwájú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù. Ohun méjì ló béèrè: kí Microsoft yọ IE kúrò lára Windows tàbí kó gbé búráúsà àwọn ẹlòmíràn sí i, kó sì máa tẹ̀ lé ìlànà tí gbogbo ìkànnì jọ ń lò. Ní oṣù Kìíní 2009, Ìgbìmọ̀ náà, tí Neelie Kroes jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìdíje níbẹ̀, kọ̀wé sí Microsoft pé lójú àwọn, síso IE mọ́ Windows tako òfin ìdíje Yúróòpù. Mozilla àti Google náà wá darapọ̀ mọ́ ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Windows 7 ti fẹ́ jáde. Ní oṣù Kẹfà, Microsoft ní òun á ta ẹ̀yà kan ní Yúróòpù tí kò ní IE nínú rárá, tí wọ́n pè ní Windows 7 E. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà pé èyí yanjú ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ra Windows nínú páálí, wọ́n sì rò ó dáadáa. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ mú búráúsà? Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ohun púpọ̀ yàn. Kí wọ́n wá gba èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Microsoft gbà láti gbé ojú-ewé àṣàyàn kalẹ̀, ó sì di àdéhùn tó lágbára òfin ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá 2009. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dá a. Á kan Windows XP, Vista àti 7. Ẹni tí IE bá jẹ́ búráúsà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ ni ojú-ewé náà á yọ sí. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà láyè láti fi búráúsà tó bá wù wọ́n sí ọjà wọn.

Ibi tí ìjà gidi wà ni bí ojú-ewé náà á ṣe rí. Nínú àbá kan, álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi tò wọ́n. Apple ló máa wá ṣáájú pẹ̀lú Safari, Opera á sì wà níkẹyìn, torí lẹ́tà tí orúkọ wọn fi bẹ̀rẹ̀ lásán. Àwọn tó ń ṣe Firefox tako èyí, wọ́n ní ẹni tí kò mọ búráúsà kan yàtọ̀ sí èkejì á kàn tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí kọ̀ǹpútà máa dà wọ́n pọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n márùn-ún tó gbajúmọ̀ jù, ìyẹn IE, Firefox, Chrome ti Google, Safari àti Opera, ló máa ń hàn lójú. Ẹni tó bá fẹ́ rí Maxthon, K-Meleon, Flock, Sleipnir àti àwọn yòókù ní láti fa ojú-ewé náà sí ẹ̀gbẹ́, kò sì sí àmì tó hàn gbangba pé ohun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mẹ́fà nínú àwọn kékeré yìí kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe. Mo rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Kí wọ́n kọ orúkọ èèyàn síbi tí ojú kò tó kò yàtọ̀ sí pé wọn kò kọ ọ́ rárá.

Dídà wọ́n pọ̀ gan-an tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ojú-ewé náà kò tíì kárí tí onímọ̀ kan fi yẹ kóòdù rẹ̀ wò, tó sì rí i pé kò da nǹkan pọ̀ dọ́gbadọ́gba. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú irinṣẹ́ tó máa ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó máa ń mú nǹkan méjì méjì, táá béèrè pé èwo ló yẹ kó ṣáájú. Wọ́n wá ní kí ìdáhùn máa jẹ́ èyí tó bá ṣáà bọ́ sí i. Irinṣẹ́ yẹn gbà pé ìdáhùn òní kò ní tako ti àná. Bí a bá ń fi ìdáhùn tó ń tako ara wọn bọ́ ọ, ibi tí yóò parí sí máa ń tẹ̀ sí apá kan, apá tí ó sì tẹ̀ sí yàtọ̀ láti búráúsà kan sí èkejì. Bí wọ́n bá ṣí ojú-ewé náà nínú IE, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ti rí i, IE fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ sí ipò karùn-ún ní nǹkan bí ìdajì gbogbo ìgbà, dípò ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó ń wá ẹ̀tàn kò rí i níbẹ̀, torí ọjà Microsoft gan-an ló ń bọ́ sẹ́yìn. Àṣìṣe ni, wọ́n sì tún un ṣe kíákíá. Mo mẹ́nu bà á torí ohun tó fi hàn: ìlà kóòdù kan péré, tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí, lè pinnu ohun tí mílíọ̀nù èèyàn á kọ́kọ́ rí.

Ohun tí ojú-ewé náà ṣe

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní oṣù Kẹta 2010. Opera kéde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé iye tí wọ́n ń dánlóòdù ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá Yúróòpù ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ìgbìmọ̀ náà ní títí di oṣù Kọkànlá 2010, mílíọ̀nù 84 búráúsà ni wọ́n ti gba orí ojú-ewé náà dánlóòdù. Ní oṣù Kejìlá yẹn, StatCounter, tó ń ka ìbẹ̀wò sí àwọn ìkànnì, ní Firefox ti kọjá IE ní Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́: díẹ̀ lé ní ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 37 àti àbọ̀.

Èèyàn lè yára sọ pé ojú-ewé àṣàyàn ló ṣe gbogbo èyí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Firefox kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i lọ́dún yẹn. Chrome ló ń jẹ nínú ìpín IE, ó ti ìdá 5 gòkè dé ìdá 14 àti àbọ̀ láàárín ọdún kan. Chrome, tó jáde ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 2008, tún ń pọ̀ ní gbogbo ayé, àní níbi tí kò sí ojú-ewé àṣàyàn kankan. Ní oṣù Karùn-ún 2012, StatCounter kà á sí àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ó yá gan-an. Ojú-ewé kan lè dákú nínú rẹ̀ láì pa àwọn yòókù. Ó ń tún ara rẹ̀ ṣe láì yọ ẹni tó ń lò ó lẹ́nu, ìkankan péré sì ni àpótí tí èèyàn ń kọ àdírẹ́sì àti ìwákiri sí. Ó sì ní ojú-ewé àṣàyàn tirẹ̀ tí òfin kò fún un: ojú-ewé àkọ́kọ́ Google, níbi tí wọ́n ti ń polówó Chrome fún gbogbo ẹni tó bá wá wá nǹkan. Kò sí olùdíje kankan tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn tì

Ní oṣù Kejì 2011, Microsoft gbé Windows 7 Service Pack 1 (SP1), ìyẹn àkójọ àtúnṣe fún Windows 7, jáde. Ètò tó ń pinnu kọ̀ǹpútà tí ojú-ewé náà á yọ sí kò mọ ẹ̀yà tuntun yìí, nítorí náà kò gbé e lọ sórí wọn. Láti oṣù Karùn-ún 2011 títí di oṣù Keje 2012, ojú-ewé náà kò yọ sí kọ̀ǹpútà tó ní SP1. Nínú àdéhùn wọn, Microsoft fúnra rẹ̀ ló máa ń jábọ̀ fún Ìgbìmọ̀ náà lórí bó ṣe ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ìjábọ̀ tó fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2011 sì ní gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ta Ìgbìmọ̀ náà lólobó, Microsoft gbà pé òótọ́ ni. Ó ní àṣìṣe àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ni, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní òun ṣe tán láti fi oṣù 15 kún àdéhùn náà. Joaquín Almunia, tó ti gba ipò kọmíṣọ́nnà ìdíje, kò gbà pé ìyẹn tó. Òun ni ìtanràn àkọ́kọ́ tí Ìgbìmọ̀ náà bù lé ilé-iṣẹ́ kan nítorí pé ó rú irú àdéhùn yìí, wọ́n sì ní àwọn dín in kù díẹ̀ nítorí pé Microsoft fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nínú ìwádìí.

Mozilla ka tirẹ̀. Wọ́n ní iye Firefox tí wọ́n ń dánlóòdù lójúmọ́ láti orí ojú-ewé náà já wálẹ̀ ní ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún, títí ó fi kù bí 20,000. Nígbà tí Microsoft tún un ṣe, ó gòkè dé nǹkan bí 50,000. Ní ìṣirò wọn, Firefox tó sọnù láàárín ìgbà náà á tó mílíọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án.

Ibí ni mo ti rí ìdáhùn mi. Firefox tó wà ní oṣù Kẹfà 2012 àti èyí tó wà ní oṣù Kẹjọ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹni tó dúró ti búráúsà tó bá lórí kọ̀ǹpútà ti yàn án, ẹ fi iye yìí hàn án. Nínú mílíọ̀nù 15 èèyàn yẹn, a kò gbọ́ pé igbe sọ láàárín wọn. Ta ni yóò bèèrè ìbéèrè tí kò mọ̀ pé wọ́n jẹ òun?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè lásán kì í mú èèyàn dúró. Ẹni tó dán búráúsà tuntun wò máa padà sí ti àná bí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò bá tẹ̀ lé e, bí àwọn ojú-ewé tó fi pamọ́ bá sọnù, tàbí bí ìkànnì báńkì rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí. Ní South Korea, ó di dandan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èèyàn lo IE láti fi ṣe nǹkan ní báńkì, torí ActiveX, irinṣẹ́ Microsoft tó ń ṣiṣẹ́ nínú IE, ni wọ́n fi kọ́ ètò ààbò wọn. Kò sí ojú-ewé àṣàyàn tó lè gba ẹni tó wà nírú ipò yẹn. Iṣẹ́ tí mo rò pé wọn kì í yìn tó nínú gbogbo ìdíje yìí ni ti àwọn tó kọ kóòdù tó ń kó ẹrù ẹni láti inú búráúsà kan bọ́ sí òmíràn.

Lẹ́yìn ẹjọ́

Àdéhùn náà parí ní oṣù Kejìlá 2014. Opera, tó fẹ̀sùn kàn, ti pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ (ohun inú búráúsà tó ń gbé ojú-ewé jáde), Presto, tì ní ọdún 2013, ó sì bọ́ sórí Chromium, èyí tí Google dá sílẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù Kejìlá 2018 pé Edge náà á bọ́ sórí Chromium, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ó sì fẹ̀yìn Internet Explorer tì ní oṣù Kẹfà 2022. Èyí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Orúkọ búráúsà pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ti di ọ̀kan náà, a sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2001 sí 2006 nígbà tí ẹyọ kan ṣoṣo gba gbogbo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ keje oṣù Kẹta 2024, Digital Markets Act, òfin Yúróòpù tó de àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńlá, ti dá ojú-ewé àṣàyàn padà síbẹ̀, lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Lórí iPhone, ojú-ewé náà kì í yọ àfi bí èèyàn bá ṣí Safari. Ìgbìmọ̀ náà kò fi falẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣí ìwádìí lórí bí Apple ṣe gbé e kalẹ̀. Apple yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ yàn ní láti wo àkójọ náà dé ìsàlẹ̀ kó tó lè tẹ ohunkóhun, èèyàn sì lè yọ Safari kúrò lórí fóònù rẹ̀ pátápátá. Wọ́n pa ìwádìí náà dé ní oṣù Kẹrin 2025.